Onídùúró Tí Kò Fọwọ́ Síwèé: Bí Áàpù Ayánilówó Kan Ṣe Da Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Rú ní Gbági

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Iléyá ọdún 2024, obìnrin kan tó ń ta áńkárá àti léèsì ní ọjà Gbági tuntun, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ ní Ìbàdàn, yá ₦40,000 lórí áàpù kan. Ìyá Ìbejì ni mo máa pè é níhìn-ín. Àwọn tó pàdánù jù nínú ọ̀rọ̀ náà kò yá kọ́bọ̀, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé áàpù bẹ́ẹ̀ wà láyé. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ yìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí èmi àti Ìyá Ìbejì jọ wà, ọwọ́ mi sì ni gbogbo ìwé ẹ̀sùn náà gbà kọjá. Òun àti Alága wa ti gbà kí n kọ ọ́ síta, níwọ̀n ìgbà tí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá mọ Gbági mọ ohun tí Iléyá túmọ̀ sí fún aláṣọ. Lọ́dún náà, náírà ti ṣubú gan-an, iye tí wọ́n ń ta léèsì lóṣù kan kọ́ ni wọ́n ń tà á lóṣù kejì. Ìyá Ìbejì rí ẹrù tó dára lọ́wọ́ ọkùnrin tó máa ń kó o wá fún un láti Èkó, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó o. Ẹgbẹ́ wa máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó pẹ̀lú èlé tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lóṣù là ń ṣèpàdé, ti oṣù náà sì ti kọjá. Ẹni tó bá sì fẹ́ owó lọ́dọ̀ wa gbọ́dọ̀ mú onídùúró méjì wá, àwọn méjèèjì á dìde lójú gbogbo ilé, wọ́n á ní àwọn gbà, wọ́n á sì fọwọ́ síwèé. Áàpù náà kò béèrè gbogbo ìyẹn. Wọ́n ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni owó máa fi wọlé.

Kì í ṣe orí Play Store ló ti rí i. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló wọlé sórí fóònù rẹ̀ pé wọ́n ti fọwọ́ sí ₦40,000 fún un, kó ṣáà tẹ líǹkì tó wà nísàlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, áàpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tààrà. Ìdí wà tó fi jẹ́ pé líǹkì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Google ti ní kí áàpù ayánilówó kankan tó wà lórí Play Store má ṣe wo nọ́ńbà ojúlùmọ̀ tàbí fọ́tò tó wà lórí fóònù oníbàárà mọ́. Òfin Google tún kọ̀ kí áàpù bẹ́ẹ̀ ní kí ènìyàn san gbogbo owó padà láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ṣe méjèèjì, àfi kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Bí áàpù náà ṣe ṣí, ó béèrè àyè mẹ́rin léraléra: kí òun máa rí nọ́ńbà tó wà lórí fóònù, kí òun máa ka àtẹ̀jíṣẹ́, kí òun máa lo kámẹ́rà, kí òun máa mọ ibi tó wà. Ó kọ̀ ti nọ́ńbà. Áàpù pa dé. Ó tún un ṣí, ó tún kọ̀, áàpù tún pa dé. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó tẹ "Allow". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a máa padà dé orí rẹ̀.

₦28,000 ló wọlé. Wọ́n ti yọ ₦12,000 sílẹ̀ lókè fún èlé àti ohun tí wọ́n pè ní owó iṣẹ́. ₦40,000 ló sì gbọ́dọ̀ dá padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé ₦12,000 lórí ₦28,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́tàlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bó bá sì fi ọjọ́ kan kọjá, ₦800 ni wọ́n á máa fi kún un lójoojúmọ́.

Ọjà yá, ṣùgbọ́n àwìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ọjọ́ ṣe pé, ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ ṣì ń na owó Iléyá lọ́wọ́. Kí oòrùn tó kàn lọ́jọ́ náà ni ìpè ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń já bọ́ sórí fóònù àwọn ènìyàn rẹ̀.

Mo rí ọ̀kan lára àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà dáadáa, nítorí wọ́n fi ránṣẹ́ sí èmi náà. Fọ́tò tí áàpù ní kó ya ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó yáwó ni wọ́n lò: kò wé gèlè, ojú rẹ̀ ṣì dà bí ti ẹni tó fẹ́ lọ sùn, ìbòrí fèrèsé yàrá rẹ̀ hàn lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sórí àwòrán náà pẹ̀lú lẹ́tà pupa pé olè ni, pé àwọn ọlọ́pàá ń wá a. Wọ́n kọ nọ́ńbà BVN rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mọ́kànlá gbáko. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ fún ẹni tó ń kà á pé òun ni Ìyá Ìbejì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onídùúró, àti pé bí kò bá bá a san án kí aago mẹ́rin tó lù, fọ́tò tirẹ̀ ló kàn.

Àwọn 41 ló wá fẹnu ara wọn sọ fún wa pé àtẹ̀jíṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn. Oníbàárà wà nínú wọn, olùkọ́ kíláàsì àwọn ìbejì wà níbẹ̀, àna rẹ̀ kan ní Ọ̀yọ́, fúlọ́káníásà tó ń bá a tún táyà ṣe, ọkùnrin kan tó ra jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan tí wọn kò sì tún ríra mọ́. Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ṣì wà lórí fóònù pẹ̀lú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń lo láìnì náà báyìí, ibẹ̀ ló sì ti kà á pé wọ́n ní "Màámi" ṣe onídùúró fún olè. Ọkùnrin tó ń kó ẹrù wá láti Èkó kò bá a jà, kò sì bú u. Ó kàn ní láti ìsinsìnyí lọ, owó lọ́wọ́ ni òun fẹ́ máa gbà kí òun tó já ẹrù sílẹ̀.

Alága wa ni ọ̀rọ̀ náà wá bà jù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọwọ́ wọn sì mọ́ débi pé ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè ìṣirò lọ́wọ́ wọn tí wọn kò ní mú ìwé jáde kó tó jókòó. "Alága Kóńpárétíìfù" ni Ìyá Ìbejì fi nọ́ńbà wọn pamọ́ sí. Ó dá mi lójú pé orúkọ yẹn ló jẹ́ kí àwọn agbowó náà dájú sọ wọ́n. Wọ́n mú fọ́tò Alága láti orí WhatsApp, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ti Ìyá Ìbejì, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló dúró fún un. Èyí ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀, a sì pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì dé ilé Alága, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Mi ò fi orúkọ yín sílẹ̀ rárá."

"Dìde, Ìyá Ìbejì. Ta ló wá fún wọn ní nọ́ńbà mi?"

"Inú fóònù ni wọ́n ti mú un sà."

Alága gbà á gbọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan kò gbà. Ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri ọjà ni pé owó ẹgbẹ́ ni Alága fi ṣe ìdúró, pé ká tètè lọ gba tiwa kó tó pẹ́ jù. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́sàn-án ní kí a kó owó àwọn fún àwọn. A kó o fún wọn, ₦1,350,000 lápapọ̀, a sì ní láti dá owó yíyá dúró fún oṣù méjì. Lára àwọn tó ti ń retí owó náà ni aláta kan tó fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Òun kò sí lórí fóònù Ìyá Ìbejì. Wọn kò ránṣẹ́ kankan sí i, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Gbígba gbèsè pẹ̀lú ìtìjú kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Láyé àtijọ́, bí ẹjọ́ bá ti dá onígbèsè lẹ́bi tí kò sì san, olówó a tọ àwọn aláṣẹ ìlú lọ kí wọ́n fún òun ní ológò. Ológò a lọ dógò ti onígbèsè: a wọlé, a wá yàrá ẹni náà kàn, a dùbúlẹ̀ síbẹ̀, a máa pariwo, a máa bú wọn, a máa mú adìẹ ilé pa jẹ, títí wọn á fi wá owó san. Gbogbo agboolé ló máa ń gbóná. N kò sọ pé ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ètò tó wà nídìí rẹ̀: wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ kí ológò tó dé, ìlú ló fún un láṣẹ, ojúlé onígbèsè ló sì jókòó sí. Ẹni tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Alága kò ní orúkọ, a kò mọ ojú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ẹjọ́ kankan, kò sì sí ojúlé tí kò lè dé.

Kí ni ayánilówó fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe gan-an? Ẹni tó bá fẹ́ yáni lówó ní láti mọ̀ bóyá ẹni náà á rí i san, ó sì ní láti mọ ohun tí òun máa dì mú bí kò bá san án. Fún òṣìṣẹ́ ìjọba, owó oṣù ni báńkì ń wò. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pa àkọsílẹ̀ gbèsè mọ́ wà ní Nàìjíríà, irú CRC àti FirstCentral, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa obìnrin tó jẹ́ pé inú àjọ àti alájẹṣẹ́kù ló ti ń yáwó láti ìgbà èwe rẹ̀? Ohun tí áàpù ń ṣe ni pé ó ń ka alẹ́ẹ̀tì báńkì tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì ń fi mọ iye tó ń wọlé tó ń jáde. Ìyẹn ti mójú tó bóyá á rí i san. Ohun tí wọ́n máa dì mú ni nọ́ńbà.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tàbí góòlù ni ènìyàn fi dógò, ayánilówó lè tà á kó fi dípò owó rẹ̀. Orúkọ rere kò ṣeé tà bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ayánilówó lè fi ṣe ni kó bà á jẹ́. Ikú yá ju ẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, orí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sì kọ́ òwò yìí lé. Kí ìbẹ̀rù náà tó lè máa ṣiṣẹ́ lọ, wọ́n ní láti máa fi ojú ẹnìkan gbolẹ̀ lóòrèkóòrè kí àwọn yòókù lè gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìtìjú Ìyá Ìbejì níye lórí fún wọn ju ₦40,000 náà lọ. Ó ń bá wọn gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn tó gbọ́ ohun tójú rẹ̀ rí.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé máa ń sọ pé bí ènìyàn méjì bá jọ ṣòwò, tí ìpalára rẹ̀ sì bọ́ sórí ẹnìkẹta tí kò sí níbẹ̀, iye tí àwọn méjèèjì jọ dá kì í ṣe iye tí òwò náà jẹ́ gan-an. ₦12,000 ni Ìyá Ìbejì rí níwájú rẹ̀. Èyí tó kù, Alága àti ẹgbẹ́ wa ló san án, aláta yẹn náà sì san díẹ̀ níbẹ̀. Èyí ló fi jẹ́ pé bí àwọn kan bá sọ pé "ó ṣáà gbà, ohun tó fẹ́ nìyẹn", n kì í lè gbà pẹ̀lú wọn. Ó lè gbà fún ara rẹ̀. Ta ló ní kó gbà fún Alága?

Àwọn mìíràn á ní kí oníbàárà máa la ojú rẹ̀, kó yan áàpù tó dára. George Akerlof, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé ní ọdún 1970 lórí ọjà tí olùrà kò ti lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí gbàrọgùdù, iṣẹ́ náà sì wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2001. Mọ́tò àlòkù ni wọ́n máa ń rántí nínú rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ àwọn olówó èlé ìgbèríko ní Íńdíà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó wí bá ti wa mu. Ayánilówó tó ń pa ọ̀rọ̀ oníbàárà mọ́ àti èyí tó ń tú u síta, ojú kan náà ni wọ́n ní lórí fóònù: àwọ̀ ewé, fọ́tò obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín, ìwé àdéhùn gígùn tí wọ́n kọ ní èdè Òyìnbó. Pípa ọ̀rọ̀ mọ́ ń náni lówó. Ẹni tó ń ṣe é kò lè gba owó náà padà lọ́wọ́ oníbàárà tí kò rí ìyàtọ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń ba ọjà jẹ́ á fi máa jèrè jù. Ojú Ìyá Ìbejì nìkan kò lè tún irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe. Àfi kí òfin wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ bá wa ni pé a kò mọ ẹni tí a ń bá jà. Orúkọ tó wà lójú áàpù kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè pọ̀, bí ẹ bá pe ọ̀kan padà kò ní lọ. Rìsíìtì ló tú àṣírí wọn. Ìyá Ìbejì ti san ₦15,000 lọ́jọ́ kejì tí àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, rìsíìtì báńkì sì gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ kan jáde tó ní "Limited" lẹ́yìn. A wá a lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, a rí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. A wo àkójọ àwọn ayánilówó tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, fọwọ́ sí, kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú irú wàhálà yìí, kó pa rìsíìtì mọ́, kó sì ya àwòrán ojú fóònù kó tó dínà mọ́ nọ́ńbà tó ń halẹ̀ mọ́ ọn. Nínú àwọn 41 tó wá bá wa, àwọn 26 péré ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ìbínú ni àwọn tó kù fi pa tiwọn rẹ́.

Lọ́yà kan tó ní ọ́fíìsì nítòsí Ìyágankú ló bá wa tò ó. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ló yí ọ̀rọ̀ náà padà lójú mi. Ó ní kí a má kọ ẹ̀sùn kan ṣoṣo, kí a kọ méjì, kí ti Alága sì ṣáájú. Ìyá Ìbejì tẹ "Allow", wọ́n á sì fi bò ó mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Alága kò tẹ nǹkan kan.

Òfin tó dì mú ni Nigeria Data Protection Act, tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tó sì fi àjọ NDPC ṣe alábòójútó ìwífún ara ẹni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ti dáàbò bo àṣírí ará ìlú tẹ́lẹ̀ ní abala 37, títí kan ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n ti 2023 yìí ló ṣàlàyé ohun tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe. Abala 25 ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lo ìwífún ẹlòmíràn láìní ìdí tí òfin mọ̀, bí ìyọ̀ǹda ẹni náà tàbí àdéhùn tó bá ilé-iṣẹ́ ṣe. Alága kò yọ̀ǹda, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Ilé-iṣẹ́ lè sọ pé òun ní àǹfààní tó tọ́ láti gba gbèsè òun, òfin sì mọ irú ìdí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n abala náà ní kò ní dúró bí ẹni tó ni ìwífún náà kò bá lè retí pé wọ́n á lò ó bẹ́ẹ̀. Èwo ni nínú wa, nígbà tó ń fún aláṣọ ní nọ́ńbà rẹ̀, ló ń retí pé olówó èlé á fi ṣe ìdógò?

Ti Ìyá Ìbejì pàápàá kò burú tó bí a ṣe rò. Abala 26 ní ilé-iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìyọ̀ǹda wà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀ pẹ̀lú èdè tó rọrùn tó sì yéni. Ó tún ní bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn yọ̀ǹda látinú ọkàn rẹ̀, ká wò ó bóyá wọ́n so iṣẹ́ tó fẹ́ gbà mọ́ ìwífún tí iṣẹ́ náà kò nílò. Áàpù tó pa dé lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó kọ̀ láti fi nọ́ńbà sílẹ̀ ti jẹ́rìí lórí ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnìkẹta yìí kì í ṣe ohun tí lọ́yà wa hùmọ̀ fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, kí òfin tuntun tó dé rárá, NITDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ìwífún, bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé Soko Lending Company, ayánilówó orí áàpù kan, lórí. Lára ohun tí NITDA wí nígbà náà ni pé àwọn tí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí kì í ṣe ara àdéhùn owó yíyá náà, wọn kò sì yọ̀ǹda kí wọ́n lo ìwífún wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC àti àwọn àjọ mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà, wọ́n sì ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó dá iṣẹ́ náà dúró. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni FCCPC gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ jáde fún ayánilówó orí áàpù. Ní oṣù keje ọdún 2025, lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ tiwa, wọ́n tún gbé òfin tó le ju ìyẹn lọ jáde: ẹni tó bá rú u lè san tó ₦100 mílíọ̀nù tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un, wọ́n sì lè fòfin de olùdarí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún.

Ìtanràn dára, mo fara mọ́ ọn. Bó bá kéré sí èrè ìwà náà, owó iṣẹ́ lásán ni ilé-iṣẹ́ á kà á sí, ìdí nìyẹn tí mo fi yin bí òfin 2023 ṣe ní kí wọ́n mú èyí tó bá pọ̀ jù láàárín ₦10 mílíọ̀nù àti ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n àpò ìjọba ni ìtanràn ń lọ. Ohun tó wù mí jù nínú òfin náà wà ní abala 48, níbi tí àjọ ti lè pàṣẹ kí ilé-iṣẹ́ san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí wọ́n pa lára, kó sì ṣírò èrè tó jẹ nínú ìwà náà. Abala 51 sì fún ẹni náà láyè láti gba ilé ẹjọ́ lọ fúnra rẹ̀. Àwọn 41, kálukú pẹ̀lú ìbínú tirẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa náwó lọ́yà nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó pàdánù owó tó ṣeé kà ní ìdí láti dúró.

A fi ẹ̀sùn méjèèjì ránṣẹ́ sí NDPC àti FCCPC ní oṣù keje, a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà. Ìpè dáwọ́ dúró lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Nígbà tí lẹ́tà wọn dé, wọ́n ní Ìyá Ìbejì ti fọwọ́ sí i, wọ́n sì ní àwọn agbowó tí àwọn háyà ló ṣe èyí tó kù. Lọ́yà wa dá wọn lóhùn pé ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń jíyìn fún ẹni tó bẹ̀ ní iṣẹ́, òfin náà sì wí bẹ́ẹ̀. Nípa Alága, wọn kò rí nǹkan kan sọ. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n kọ, pé àwọn kẹ́dùn bí ọ̀rọ̀ náà bá ti dà wọ́n láàmú.

Ìyá Ìbejì san ₦25,000 tó kù. Èmi ni mo ní kó san án, nítorí ó yá owó náà, ó sì rí iye tó máa dá padà kó tó gbà á. Ẹ̀sùn wa kò dá lórí pé kí gbèsè di ọ̀fẹ́. Wọ́n fagi lé ₦800 ojoojúmọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ wa pé Alága kò ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni rí lọ́dọ̀ wọn. Mo ka lẹ́tà náà sókè ní ìpàdé, mo sì tú u sí Yorùbá kí gbogbo ilé gbọ́.

Ibi tí a ti wá kọ́lù ara wa ni èyí. A ní kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ àtúnṣe ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí wọ́n ti fi irọ́ ránṣẹ́ sí. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣe é, nítorí àwọn ti pa gbogbo nọ́ńbà tí àwọn kó lórí fóònù Ìyá Ìbejì rẹ́, bí òfin ṣe fẹ́. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ, irọ́ náà wà níta láìní àtúnṣe. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, nọ́ńbà wa ṣì wà lọ́wọ́ wọn. A ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ti pa á rẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn àti lọ́dọ̀ àwọn agbowó tí wọ́n háyà. Wọn kò fi ẹ̀rí kankan hàn. Ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, áàpù mìíràn tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ fi líǹkì ránṣẹ́ sí Alága pé wọ́n ti fọwọ́ sí ₦50,000 fún wọn. Alága kò yáwó lórí fóònù rí láyé wọn. Mi ò lè fi hàn pé ibì kan náà ni nọ́ńbà wọn ti jáde, ṣùgbọ́n a ya àwòrán rẹ̀, a sì fi kún ìwé ẹ̀sùn.

Alága ti fọwọ́ síwèé kí lọ́yà pe ẹjọ́ owó gbà-má-bínú lábẹ́ abala 51, ẹgbẹ́ sì ti dìbò pé àwọn fara mọ́ ọn. Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè: owó tí ẹgbẹ́ pàdánù ní oṣù méjì tí a kò fi yá ẹnikẹ́ni lówó, àtẹ̀jíṣẹ́ àtúnṣe sí àwọn 41 tí àwa fúnra wa ti ní nọ́ńbà wọn tí wọ́n sì ti yọ̀ǹda kí a fi í sílẹ̀, àti ẹ̀rí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiwọn fọwọ́ sí pé wọ́n ti pa àkójọ náà rẹ́. Nínú àwọn mẹ́sàn-án tó kó owó wọn jáde, mẹ́rin ti padà sínú ẹgbẹ́. Ìwé ìfowópamọ́ àwọn márùn-ún tó kù wà lọ́dọ̀ lọ́yà, pẹ̀lú ọjọ́ tí kálukú gba owó rẹ̀ àti iye tó gbà.